Ìgbà Èwe Túndé Kèlání àti Fíìmù Rẹ̀

Àwọn tí ń yin iṣẹ́ Túndé Kèlání sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní London International Film School. Ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe náà kì í sì í ṣe kékeré, nítorí òun ni àwọn ọ̀dọ́ kan gbà gbọ́ tí wọ́n fi ń wá kámẹ́rà olówó ńlá àti ìwé ẹ̀rí òkè òkun kiri, nígbà tí wọn kò lè ka ojú ìwé Yorùbá kan tán.

Èkó ni a bí Kèlání sí ní 1948, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta. Balógun Ìjàyè Kúkúdì ni bàbá àgbà yìí. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní agboolé ìjòyè kò níláti dé ilé-ìwé kí ó tó mọ bí a ti í kí àgbà, tàbí bí onílù ti í fi ìlù pe ènìyàn lórúkọ. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Ọnà ní Ìkìjà, ó sì lọ sí Abẹ́òkúta Grammar School. Ó ka ìwé Yorùbá, ó wo eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí ń ti ìlú dé ìlú. Fọ́tò yíyà sì ti gbà á lọ́kàn láti kékeré. Iṣẹ́ onífọ́tò ni ó kọ́kọ́ kọ́, kí ó tó dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni Lọ́ńdọ̀nù tó dé.

Ìwé àti fọ́tò: àwọn méjèèjì ṣì ń du iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú Ó Le Kú (1997), tí a mú láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, onífọ́tò ni ó borí. Ìró àti bùbá kúkúrú ti ń sọ irú ẹni tí àwọn ọmọge náà jẹ́ kí wọ́n tó lanu rárá. Abájọ tí àwọn obìnrin fi tún gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní ó-le-kú. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Ìṣọ̀lá kan náà kọ, òǹkàwé ni ó ń borí nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ dùn, òwe pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìjòyè Jogbo bá ń fọ̀, kámẹ́rà a dúró bí ọmọ tí ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà, a máa retí ìparí gbólóhùn. Àbùkù ni, bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń pè é ní ọ̀wọ̀ fún èdè. Ibi tí fíìmù náà ti lágbára jù ni ibi tí ìlù ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, ìlù tí í pa ẹni tí ó bá dé adé láìṣe ètùtù tí ó yẹ. Níbẹ̀ kò sí òwe tí ẹnikẹ́ni ní láti pa.