Ọmọ Ìyá Ẹ̀gúsí

Ẹni tó bá dàgbà sí oko ẹ̀gúsí mọ òórùn kan tí kì í kúrò nímú. Bí ìtàkùn bá ti gbẹ, tí èso sì sùn káàkiri ilẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ìyá mi àti àwọn obìnrin abúlé á kó wọn jọ, wọn á fi kùmọ̀ fọ́ wọn, wọn á sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rà. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹran inú rẹ̀ á ti di omi, òórùn á gba oko kan, ká tó kó hóró rẹ̀ lọ sódò lọ fọ̀. Kò sí ọmọ tó fi ahọ́n kan ẹran inú ẹ̀gúsí lẹ́ẹ̀mejì. Ó korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Hóró la fẹ́. Ilẹ̀ ló ni ìyókù.

Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé bàrà olómi, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, tí àwọn Haúsá ń pè ní kankana, ọmọ ìyá ẹ̀gúsí ni. Ẹ gbé ewé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i: ó ya bí ìka ọwọ́, irun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Òdòdó wọn jọra, ìtàkùn wọn ń fà nílẹ̀ bákan náà. Apálá, elégédé, ejìnrìn àti igbá tí a fi ń mu omi náà wà nínú ẹbí yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sún mọ́ ọn tó ẹ̀gúsí. A ń jẹ hóró ọ̀kan, a ń da ẹran rẹ̀ nù. A ń jẹ ẹran èkejì, a ń tu hóró rẹ̀ dànù.

Adùn bàrà olómi kò ti òkè òkun wá. Wọ́n bá hóró bàrà nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì tó wàjà ní ohun tó lé ní 3,300 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá rẹ̀ wò kéde pé bàrà kan tí wọ́n ń gbìn ní Kordofan, ní ilẹ̀ Sùdáànì, ló sún mọ́ baba ńlá rẹ̀ jù lọ. Ẹran inú ti Kordofan yìí funfun, kò sì korò. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní èso òyìnbó. Áfíríkà ni ilé rẹ̀.

Lóòótọ́, irú tí à ń rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn lónìí ti rìn jìnnà kó tó padà wálé. Charleston Gray, èyí tó gùn bí ìrọ̀rí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un jáde ní 1954. Kaolack ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Sẹ̀nẹ̀gàlì. Èyí tí èmi fẹ́ràn ni Sugar Baby. Ó rí róbótó, èèpo rẹ̀ dúdú bí ewé tí òru ṣú bò, ó sì ń wọn tó kílò 3 sí 5, ìwọ̀n tí ìdílé kan lè jẹ tán níjòókòó ẹ̀ẹ̀kan. Láti ọjọ́ tí a bá gbìn ín, bí ọjọ́ 80 ni, ó ti tó kórè.

Ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí ló fẹ́, ó sì fẹ́ràn ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa. Ṣùgbọ́n oòrùn ló fẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Òjò tó ń rọ̀ léraléra á mú kí ewé rẹ̀ ní àmì, kó rà, kó sì kú. Nítorí náà ni àwa tí a wà nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń gbìn ín ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, kí pípọ́n rẹ̀ lè bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ní àkùrọ̀ á gbìn ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, á máa bu omi sí i. Oòrùn òkè Ọya ju tiwa lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èyí tí à ń jẹ ní Èkó fi jẹ́ èyí tí tírélà kó ti ibẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òdòdó, nítorí ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí jù lóko. Òdòdó akọ ló ń kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni abo á dé, ẹ ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: bàrà kékeré kan, tí kò ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, tí irun bò lára, ti wà ní ìdí rẹ̀ kó tó là. Àárọ̀ ló ń là, kí ọ̀sán tó lọ jìnnà ó ti pa dé, kò sì ní là mọ́. Àárọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni oyin ní. Bí oyin kò bá wá, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn á sọ àwọ̀ ìyeyè, á já bọ́. Bí oyin bá wá ṣùgbọ́n tí kò wá tó, èso náà á wọ́ sápá kan. Ẹni tó bá ń fín oògùn kòkòrò láàárọ̀, èso ara rẹ̀ ló ń pa.

Èso tó bá dúró á máa tóbi lójoojúmọ́, ìtóbi yìí ló sì ń tan ènìyàn. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, mo rí i pé ó ti tó ohun tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé, mo gé bí ogún. Nígbà tí mo là wọ́n, inú wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì tẹ́ lẹ́nu bí omi lásán. Baba tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà wò mí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé títóbi lo fẹ́ jẹ ni?” Ó mú mi dé ìdí ọ̀kan tí mi ò tíì gé. Ó fi okùn tín-ín-rín tó lọ́ bí irun, tó wà níbi tí èso so mọ́ ìtàkùn, hàn mí. Ó ṣì tutù. Ó ní tó bá gbẹ, kí n wá.

Ewé ló ń ṣe ṣúgà, ìtàkùn ló ń gbé e wá sínú èso, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń wọlé ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹ dì í sínú àpò, á pọ́n, á sì dùn. Bàrà kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ bá kan ọrùn rẹ̀ ni adùn rẹ̀ parí sí. Bákan náà, tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan ká gé e, a máa ń dín omi kù, kí omi má baà fọ adùn dànù.

Èyí tó pọ́n dójú àmì, ẹ kò ní fi agbára gé e. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ṣe wọ èèpo rẹ̀, á sán rẹ́kẹ́, á sì là ṣáájú ọ̀bẹ. Inú á pọ́n bíi tòmátì, ohun kan náà ló sì mú àwọn méjèèjì pọ́n. Hóró dúdú á tò yí àárín ká. Àárín gan-an, tí kò ní hóró, ibẹ̀ ló dùn jù, ọmọ tó kéré jù ló ni ín nílé wa. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, bí 92 ló jẹ́ omi. Ẹni tó gbààwẹ̀ láti ìdájí, tó fi ègé kan ṣínu nírọ̀lẹ́, mọ ohun tí mò ń sọ.

Tí ẹ bá dé ìdí àtẹ, ẹ má wo títóbi. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ikùn rẹ̀, níbi tó fi sùn sílẹ̀ lóko. Bí ibẹ̀ bá funfun, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí ó bá ní àwọ̀ ìyeyè bí ọ̀rá màlúù, ẹ sanwó rẹ̀.