Fíìmù Kan, Ẹ̀dà Méjì: Àyẹ̀wò "Ganja & Hess"

Ní ọdún 1973 ni Bill Gunn, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé eré àti òṣèré, gbé fíìmù kan jáde tí ó pè ní "Ganja & Hess". Owó tí wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí 350,000 dọ́là, kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Hollywood máa ń ná. Ohun tí àwọn tí ó náwó náà ń retí kò sì ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1972, fíìmù "Blacula", ìtàn adúláwọ̀ kan tí ó di òkú amùjẹ̀, ti pa owó wọlé; wọ́n fẹ́ irú rẹ̀ mìíràn kí ọjà tó tú. Gunn gba owó wọn, ó sì ṣe ohun tí ó wù ú.

Wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé, ní Ọ̀sẹ̀ Àwọn Lámèyítọ́ ti ọdún náà. Ṣùgbọ́n ní New York, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ̀wé nípa sinimá sínú ìwé ìròyìn bẹnu àtẹ́ lù ú, débi pé Gunn kọ lẹ́tà sí New York Times láti fi ẹ̀hónú hàn nípa ojú tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń wo iṣẹ́ ọnà adúláwọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó ni fíìmù náà fi kó o kúrò, tí wọ́n sì tà á. Àwọn tí ó rà á fi abẹ kàn án. Fíìmù tí ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 110 di nǹkan bí ìṣẹ́jú 78. Wọ́n yí orin inú rẹ̀ padà, wọ́n tún ki àwọn àwòrán tí Gunn ti yọ sọnù bọ inú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ titun: "Blood Couple". Gunn ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí téèpù fídíò dé tí oníkálukú sì ń wo fíìmù nínú ilé ara rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n gé yìí ni ó kún ọjà, lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ, tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ó fẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n.

Ẹni tí ó bá wo téèpù bẹ́ẹ̀, tí ó sì wí pé ìtàn náà kò lórí, kò nídìí, kò purọ́ nípa ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ Gunn ni ó dá lẹ́jọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wo ni yóò gba ẹsẹ Ifá tí akọ̀wé ti yọ orúkọ àwọn awo àti ìyọrísí ẹbọ kúrò nínú rẹ̀, tí yóò wá máa fi ìyókù dá babaláwo lẹ́jọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀dà wo ni ó wà lọ́wọ́ ẹni. Láti ọdún 1998 tí ẹ̀dà gígùn ti jáde sórí àwo DVD, pàápàá láti ọdún 2012 tí èyí tí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ní New York tún ṣe ti dé ọjà, kò sí àwáwí mọ́ fún lámèyítọ́ tí ó bá gba ẹ̀dà gígé.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí iwájú fíìmù náà ti sọ ìdí ìtàn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ọ̀mọ̀wé Hess Green, ọlọ́rọ̀ adúláwọ̀ kan, ń ṣe ìwádìí nípa Myrthia, ìlú ayé àtijọ́ kan nílẹ̀ Áfíríkà tí Gunn fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá. Wọ́n fi ọ̀bẹ ìlú náà gún un lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀kan fún Baba, ọ̀kan fún Ọmọ, ọ̀kan fún Ẹ̀mí Mímọ́. Láti ìgbà náà ni kò ti lè kú mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì di bárakú fún un. Ẹni tí ó gún un ni George Meda, igbákejì rẹ̀ nínú ìwádìí, tí Gunn fúnra rẹ̀ ṣe. Meda yìnbọn pa ara rẹ̀; nígbà tí Hess sì jí, ẹ̀jẹ̀ Meda tí ó dà sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lá. Ganja, ìyàwó Meda, wá ọkọ rẹ̀ dé ilé náà. Kàkà kí ó rí ọkọ, Hess ni ó rí. Ìfẹ́ sì wọ àárín wọn. Ó bá òkú Meda nínú fìríìsà ní ìsàlẹ̀ ilé, síbẹ̀ ó fẹ́ Hess, Hess sì sọ ọ́ di irú ara rẹ̀. Kò sí ibi kankan tí ẹnikẹ́ni ti pe àwọn méjèèjì ní òkú amùjẹ̀. Kò sí eyín ṣóńṣó. Ọ̀sán gangan ni Hess ń rìn kiri.

Ẹni tí ó bá mọ àwọn fíìmù àgbéléwò Yorùbá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti sábà máa ń sọ òtòṣì di olówó, yóò ṣàkíyèsí pé olówó ni Hess kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Mọ́tò ńlá wà níwájú ilé, awakọ̀ wà, ìránṣẹ́ wà. Ẹ̀jẹ̀ kò fún un ní kọ́bọ̀. Ohun tí owó kò lè fún un ni ó hàn nínú ìran kan tí ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní ilé-ìwé. Meda, tí ọtí ti ń pa, gun orí igi nínú ọgbà Hess ní òru pẹ̀lú okùn láti pokùn so. Bí Hess ti ń bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó rán an létí pé òun nìkan ni adúláwọ̀ ní àdúgbò náà. Bí òkú bá sọ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ó sì bani lẹ́rù ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Duane Jones, tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ẹlẹ́rù mọ̀ láti inú "Night of the Living Dead" ti ọdún 1968, sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba ẹni tí ó ti kọ́ láti kékeré pé kí òun má ṣe pariwo.

Marlene Clark, tí ó ṣe Ganja, kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò gbà á gbọ́, tí ó sì pinnu pé láti ọjọ́ náà lọ òun ni yóò máa tọ́jú ara òun, ni kọ́kọ́rọ́ sí ìparí fíìmù náà. Ó gùn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìyà tí ó jẹ Gunn di ìbòjú fún àléébù rẹ̀. Ohùn àwọn òṣèré kì í dún ketekete nígbà mìíràn. Òkùnkùn máa ń bo ojú wọn, kì í sì í ṣe gbogbo òkùnkùn náà ni ó ní ìtumọ̀. Àìtó owó ni òmíràn. Ìdajì ìtàn náà wọ́lẹ̀ bí ìgbín.

Àléébù tí ó wúwo jù ni Myrthia. Ayaba ìlú náà, tí Mabel King ṣe, ń rìn nínú koríko nínú àlá Hess. Ta ni àwọn ènìyàn rẹ̀? Kí ni oríkì wọn? Kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n ń gbìn? Ohun kan ṣoṣo ni òǹwòran mọ̀ nípa wọn, èyí ni òùngbẹ ẹ̀jẹ̀. A lè gbèjà Gunn pé àìmọ̀ Hess ni èyí, nítorí pé ère àti ohun èlò Áfíríkà kún ilé ọ̀mọ̀wé náà, ṣùgbọ́n kò sí ará Áfíríkà kan tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbèjà náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Orin ni ó tú u ká. Orin tí ó máa ń dún nígbà tí òùngbẹ náà bá dé jẹ́ orin iṣẹ́ ti àwọn Bongili, láti ilẹ̀ Kóńgò. Orin tí àwọn ènìyàn fi ń mú kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yá ni Gunn sọ di ìpè ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe Hess ni ó yan orin náà. Ohun tí àwọn oníṣòwò ṣe sí fíìmù Gunn, tí wọ́n gé iṣẹ́ ẹlòmíràn kúrò ní ibi tí ó ti ní ìtumọ̀, tí wọ́n sì fi rọ ìtàn ti ara wọn, Gunn ti ṣe irú rẹ̀ sí àwọn akọrin wọ̀nyí. Tirẹ̀ kéré sí tiwọn, kò sì sí ẹni tí ó fi ìbínú ṣe é. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Ìparí rẹ̀ ni Gunn ti borí. Hess rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, ó lọ sí ìjọ tí awakọ̀ rẹ̀, Luther Williams, ti ń ṣe pásítọ̀. Sam Waymon, àbúrò Nina Simone, ni ó ṣe pásítọ̀ náà, òun náà ni ó sì ṣe orin fíìmù. Àwọn ará ìjọ yìí kò jọ òṣèré rárá. Òógùn ojú wọn kì í ṣe ẹ̀tàn. Fíìmù náà kò sọ pé ìjọ ni ó tọ̀nà, Myrthia ni ó burú. Ibi méjèèjì ni ẹ̀jẹ̀ wà, ibi méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣèlérí ìyè àìnípẹ̀kun. Hess kúnlẹ̀, ó padà sílé, ó dúró sábẹ́ òjìji àgbélébùú, ó sì kú. Ganja kò bá a lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ganja ti pa jáde láti inú omi ní ìhòòhò, ó ń sáré bọ̀ wá sí ilé; Ganja ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.