"Èmi" Méjì Nínú The Alcoholic: Àyẹ̀wò Ìtàn Àròsọ Aláwòrán Kan

Ìwé tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni The Alcoholic, ìtàn àròsọ aláwòrán tí Jonathan Ames kọ, tí Dean Haspiel sì ya àwòrán inú rẹ̀ ní dúdú àti funfun. DC Comics ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 2008. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ni Jonathan A., òǹkọ̀wé tí ọtí ti di bárakú fún. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa irú ìwé báyìí ni pé: ṣé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ nìyí? Àwọn olùdánwò kan sì ń fi máàkì fún ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" láìbéèrè ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. "A" lè dúró fún Ames. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935 láti ran àwọn tí ọtí di bárakú fún lọ́wọ́, ṣe máa ń pe ara wọn: orúkọ àbísọ, pẹ̀lú lẹ́tà kan péré láti inú orúkọ ìdílé. Orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́wọ́, òun náà ni ó sì ń fi ara pamọ́.

Irú eré yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà nínú Akéde Èkó ní ọdún 1929 sí 1930, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀gilọlá nìkan ni a sì ní lọ́wọ́. Bí ó bá bu iyọ̀ sí i, kò sí ẹlẹ́rìí tí yóò takò ó.

Nínú The Alcoholic, ẹlẹ́rìí wà. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ní ọdún 2001, Jonathan A. ta jí nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ní Asbury Park, ìpínlẹ̀ New Jersey, arúgbó obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn inú àpótí ọ̀rọ̀, tí ó ń sọ pé "mo", jẹ́ ti ẹni tí ojú rẹ̀ ti dá, tí ó lè fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ẹni tí a yà sábẹ́ rẹ̀ kò tíì dá rárá. "Èmi" méjì ni, lójú ewé kan náà. Òǹkọ̀wé tí ó ń lo ọ̀rọ̀ nìkan ní láti fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó mú èkejì. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni pé ọwọ́ Ames kọ́ ni ó ya ojú náà, ọwọ́ Haspiel ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀mùtí kì í rí ara rẹ̀ nígbà tí ó bá yó. Ẹni tí ó dúró tì í ni ó ń rí i. Bí a bá wá pe ìwé yìí ní ìtàn ìgbésí ayé ara-ẹni, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìdajì rẹ̀ ti wá.

Ìwé náà ní àbùkù. Nígbà tí ó dé orí ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní New York, àjálù ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àìsàn ẹnì kan mì. Ó dà bí ẹni pé ó ń wá àwáwí fún ìgò ọtí. Ṣùgbọ́n kò wàásù, kò sì dà bí Ṣẹ̀gilọlá tí ẹkún àti ìkìlọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

A kò dámọ̀ràn rẹ̀ fún kíláàsì girama, nítorí ìbálòpọ̀ àti oògùn olóró inú rẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, kí olùkọ́ fi bébà bo àwọn àpótí ọ̀rọ̀ ojú ewé mélòó kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí àwòrán nìkan sọ nípa ọkùnrin náà, kí ó tó ṣí bébà náà kúrò.