Níbo Ni Ilé Ìdáná Ògúndìjì Wà?

Ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀ ní yàrá wa lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n mú iná lọ. Òun ni mo fẹ́ parí níbí, torí ẹni tó bá ń kọ̀wé sí màgásíìnì ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹnìkan ló béèrè pé: bí àwọn Lego bá fẹ́ sọ fíìmù Yorùbá kan di ohun ìṣeré, èwo ló yẹ kó jẹ́? Kò tíì pa ẹnu dé tí yàrá fi pín sí méjì. Àwọn kan ní Aníkúlápó ni. Àwọn tó kù, tí èmi náà wà nínú wọn, ní kí ni wọ́n ń sọ, Jagun Jagun ni jàre. A pariwo títí àwọn ará yàrá kejì fi wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ pé mo ti kúrò lẹ́yìn àwọn Jagun Jagun. Ẹ má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi ná.

Ẹni tí kò bá mọ Lego, bíríkì ike kéékèèké ni. Orí rẹ̀ ní kókó, ìdí rẹ̀ ní ihò, èyí tó wà lókè á di èyí tó wà nísàlẹ̀ mú ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì lè tú u kí ẹ fi kọ́ nǹkan mìíràn. Káfíńtà kan nílùú Billund, ní Denmark, Ole Kirk Christiansen, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1932. Igi ló fi ń ṣe ohun ìṣeré nígbà yẹn. (Ẹ fi igi yìí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.) Irú bíríkì ike tí wọ́n ń lò títí di òní dé ní 1958.

Láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe ti Harry Potter. The Lord of the Rings dé ní 2012, ó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé wá jókòó, wọ́n ń retí. Wọ́n ń ya àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n ń fi bíríkì ọwọ́ wọn kọ́ ọ fúnra wọn, títí Rivendell fi jáde ní 2023 pẹ̀lú bíríkì 6,167. Owó rẹ̀ nígbà tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 dọ́là. Ẹ má wulẹ̀ ṣírò rẹ̀ sí náírà, orí á fọ́ yín lásán. Ní 2024, Barad-dûr, ilé gogoro Sauron, tẹ̀lé e, ó ní bíríkì 5,471.

Kí ni wọ́n ń retí gan-an? Ẹ wò ó dáadáa: ilé ni. Ẹni tó bá fẹ́ ère Frodo nìkan, ó ti rí i rà tipẹ́. Ibi tí Frodo sùn sí, àga tí wọ́n jókòó lé nígbà tí wọ́n ń ṣèpàdé lórí òrùka, afárá tí wọ́n gbà kọjá, ìyẹn lọkàn wọn ń fà sí. Ilé ẹ̀kọ́ Hogwarts tó jáde ní 2018 ní bíríkì 6,020, ẹni tó bá sì ti wo fíìmù náà mọ gbọ̀ngàn ìjẹun yàtọ̀ sí yàrá olùkọ́ kí ó tó ṣí páálí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Àbúrò mi kan wà ní Ìkọ̀lé, ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo lọ kí wọn ní ìsinmi, mo sì ṣèlérí fún un pé a máa kọ́ ilé Ògúndìjì, ti inú Jagun Jagun, pẹ̀lú páálí Indomie, bíléèdì, gúlù àti ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀ (ìyẹn mú wàhálà tirẹ̀ wá). Èmi ni ẹ́ńjínnìà, òun ni bíríkìlà. Mo mú bírò, mo ní kí n ya ilẹ̀ ilé náà sórí ìwé.

Ọmọ náà béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà ńkọ́?" Mo ya ẹnu ọ̀nà síbì kan. Ó ní, "Ibo ni àwọn ọmọ ogun ń sùn?" Mo ya yàrá gígùn kan. Ó wo ojú mi, ó ní, "Wọ́n pọ̀ gan-an o. Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn? Ibo ni kíṣìnì?"

Mo ní kó jẹ́ kí n tún fíìmù náà wò. Mo tún un wò. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì lórí láátọ́ọ̀bù ẹlẹ́gbẹ́ mi kan nígbà tí mo padà sí Ọ̀yẹ́. Mi ò rí kíṣìnì. Ká tilẹ̀ fi ti kíṣìnì sílẹ̀, mi ò lè sọ fún yín pé béèyàn bá jáde láti ọ̀dọ̀ Ògúndìjì, apá ọ̀tún ló máa yà sí kó tó dé pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ogun, tàbí apá òsì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ràn Jagun Jagun. Nígbà tó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹjọ 2023, a jọ wò ó mọ́jú ni. Adébáyọ̀ Tìjání àti Tópẹ́ Adébáyọ̀ ló darí rẹ̀, Fẹ́mi Adébáyọ̀ sì ṣe Ògúndìjì débi pé béèyàn bá rí i lójú títì, yóò fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Lateef Adédiméjì ni Gbótijà, ọmọkùnrin tí igi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ ronú sí i: akọni tí agbára rẹ̀ wà lára igi! Fíìmù náà mọ bí wọ́n ṣe ń já, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pọfọ̀, ó mọ bí aṣọ ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi ni pé ìjà kan á ṣẹlẹ̀, a ó bọ́ sí òmíràn, ilẹ̀ tí ìjà náà ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ kò sì mọ́ wa lára. Ènìyàn ń kú níbẹ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ mi ò mọ ilé ẹni tí òkú náà ti wá.

Aníkúlápó ńkọ́? Kúnlé Afọláyan ló ṣe é, ó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022. Mo máa ń bú u tẹ́lẹ̀ pé ó ń falẹ̀. Nígbà tí bírò wà lọ́wọ́ mi ni mo rí ohun tó ń fi ìfàlẹ̀ yẹn ṣe. Saro wọ ìlú Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ń hun aṣọ, àwa náà sì bá a wọ̀lú. A mọ ilé Awarun, ibi tó ń gbé. A mọ̀ pé ààfin wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni Arólákẹ́, olorì kékeré, ti ń yọ́ jáde. A mọ igbó tí wọ́n pa á sí, ibẹ̀ ni ẹyẹ àkàlà ti bà lé e tó sì jí i dìde. A mọ̀ pé Òjúmọ́, abúlé tí wọ́n sá lọ, jìnnà sí gbogbo ìyẹn. Àbúrò mi ya ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí fúnra rẹ̀ láìbi mí léèrè. Kò yà mí lẹ́nu púpọ̀: ọ̀gbẹ́ni Afọláyan ní abúlé fíìmù tirẹ̀ ní Ìgbòjàyè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé tí wọ́n mọ sórí ilẹ̀, tí òjò ń pa, á yàtọ̀ sí aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn òṣèré.

Ẹlẹ́gbẹ́ mi kan ní yàrá sọ fún mi pé mo ń fi ìyà jẹ fíìmù lásán. Ó ní owó ò sí, àti pé ta ló ń lọ wo ìjà kó máa wá ibi tí wọ́n ti ń se àmàlà? Ọ̀rọ̀ owó, mo gbà fún un. Èkejì ni mi ò gbà. Iye ìgbà tí a ti rí ìyá tó ń gún iyán nínú fíìmù Yorùbá kò lóǹkà. Wọ́n mọ kíṣìnì yà, wọn kì í kàn mú un wọ fíìmù tó bá ti ní idà nínú.

Ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ẹ wo ohun tí Lego fún Black Panther ní 2018, ọdún tí gbogbo ayé ń pariwo Wakanda. Páálí méjì ló jáde: ọkọ̀ òfuurufú kan, àti àgbáńréré tó ń jà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ní 2022 wọ́n ṣe ńlá kan, bíríkì 2,961. Kí ni wọ́n fi kọ́? Orí àti àyà ọkùnrin náà, pẹ̀lú ìbòjú. Yàrá iṣẹ́ Shuri náà jáde lọ́dún yẹn, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, páálí kékeré báyìí. Bíríkì tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wà fún ilé àwọn Elf. Fún ìlú aláwọ̀ dúdú tó lọ́rọ̀ jù nínú fíìmù, orí kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n máa dúpẹ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo kà á.

Nítorí náà mo ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa fi Jagun Jagun ṣe: idà, ẹṣin, Agẹmọ, ó tán. Kò sí ẹni tó lè bá wọn jà, torí fíìmù náà fúnra rẹ̀ kò fún wọn nílé.

Ẹ̀rù kejì wà níbẹ̀. Ní 2001, Lego gbé ìtàn kan jáde tó ń jẹ́ Bionicle, níbi tí ìbòjú ti ń fún ẹni tó dé e lágbára. Wọ́n lọ mú ọ̀rọ̀ àwọn Māori ti New Zealand, wọ́n fi sọ àwọn ohun ìṣeré lórúkọ. Tohunga, tó jẹ́ orúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n wọn, di ike. Àwọn Māori fárígá, Lego sì gbà láti yí àwọn orúkọ kan padà. Tohunga wá di Matoran. Lónìí ẹnikẹ́ni lè gbé àbá lọ síwájú wọn nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Lego Ideas, bí ènìyàn 10,000 bá sì ti í lẹ́yìn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìlànà ètò náà kò gba ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, ì báà ṣe àmì, ilé tàbí ènìyàn. Ojúbọ Ògún kò lè bá wọn wọ páálí nìyẹn. Thor, tí àwọn ará àríwá Yúróòpù ń bọ láyé àtijọ́, ti wà nínú páálí wọn láti 2012. Ìdí ni pé Marvel ti sọ ọ́ di òṣèré. Ẹ̀yin ọmọ Religious Studies, ẹ bá wa dá sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sórí igi. Ẹni tó bá ti wo ọdún Ẹ̀pa rí ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìsàlẹ̀ ère náà dà bí ìkòkò tó lójú, òun ni eégún ń kì bọ orí. Lókè rẹ̀, jagunjagun jókòó sórí ẹṣin, àwọn èrò rẹ̀ yí i ká. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Òmíràn wúwo ju 20 kílò lọ, ẹni tó sì gbé e lórí gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì. Jagunjagun ló tóbi jù, àmọ́ kò sí ẹnìkan nínú àwọn kéékèèké tí kò níbi tó dúró sí. Fíìmù tí mò ń wá nìyẹn. Òótọ́ ni pé Lego fi ohun kan jù ú: ọmọdé lè tú u palẹ̀ kó tún un tò bó ṣe wù ú. Ẹ̀pa kò gba ìyẹn, ta ló fẹ́ dán an wò?

Níbí gan-an ní Ọ̀yẹ́, ní 1947, Fadá Kevin Carroll ti ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀. George Bándélé, ọmọ Arẹ̀ògún ará Ọ̀sì, gbẹ́gi níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́, ìtàn àjèjì. Wọ́n wọ aṣọ Yorùbá fún àwọn ọba tó wá kí Jésù ọmọ jòjòló, wọ́n sì mú wọn wọ ilé tí wọ́n mọ̀. Àwa tí à ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí lẹ́kíṣọ̀ lójoojúmọ́, Billund là ń kọjú sí.

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ kó jáde lọ́la, mi ò ní dárúkọ fíìmù tó ti wà. Mo fẹ́ kí ẹnìkan kọ́kọ́ fi sùúrù ṣe Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938. Àkàrà-ògùn, Kàkó pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, kálukú ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀nà Òkè Láńgbòdó sì wà níwájú wọn láti rìn. Kí ẹni tó máa ṣe é ya ọ̀nà náà sórí ìwé kó tó gbé kámẹ́rà.

Ní ti Ìkọ̀lé, a pa ilé Ògúndìjì tì. Ilé Awarun ló wà ní igun pálọ̀ àǹtí mi báyìí. Ó ní àgbàlá láàárín, òfì tí a fi ìgbálẹ̀ ṣe, àti kíṣìnì tí ọmọ náà fi agolo Peak gé, torí ó ní páálí á jóná. Àkàlà wà lórí òrùlé, ọrùn rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ilé ò gba àlejò mọ́, ó kù yàrá kan. Ẹni tó bá ní páálí Indomie lábẹ́ ibùsùn, kó bá mi kó o jọ. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ.