Eré tí Kì í Ṣe Ẹrù

Àwa alámèyítọ́ a máa wo ewì, a máa wo eré-onítàn, a máa wo ère gbígbẹ́ àti aṣọ híhun, a ó sì sọ ibi tí wọ́n ti dára àti ibi tí wọ́n kù sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti fi ṣeré, a kì í sábà kà á sí ohun tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. A ní eré ọmọdé ni. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun èlò eré ní ìlànà, ó ní ẹwà, ó sì ní àbùkù tirẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ gbé lé orí ìwọ̀n lónìí ni àwọn eré tí ẹbí ń kàn nílé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbé dání nígbà tí wọ́n bá lọ pàgọ́ sínú igbó nígbà ooru.

Ìpàgọ́ yìí kì í ṣe ti ìsìn. Bàbá, ìyá àti ọmọ a di àgọ́ àti ìkòkò sínú ọkọ̀, wọn a wà á lọ sí ọgbà ìjọba, wọn a sì sùn níbẹ̀ ní òru méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní pẹ́ rántí ahéré. Àwọn òbí wa náà a máa kó wa lọ sí oko nígbà ìkórè, a ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí a tó padà wálé. Iṣẹ́ ló gbé tiwa lọ, ìsinmi ló gbé tiwọn lọ. Síbẹ̀, ọ̀kan náà ni ìrọ̀lẹ́ níbi méjèèjì: ó gùn, ilé sì jìnnà. Eré ni a fi ń lé e lọ.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eré náà ni cornhole. Pátákó méjì ni, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, ìbú rẹ̀ jẹ́ 2, ihò róbótó tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 6 sì wà ní apá òkè rẹ̀. A ó gbé ẹ̀yìn pátákó sókè kí ó lè dagun, a ó sì kọjú àwọn méjèèjì síra ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 27. Àpò kéékèèké tí a rọ àgbàdo gbígbẹ sí ni a ń jù. Èyí tí ó bá wọ ihò gba àmì 3, èyí tí ó bá dúró lórí pátákó gba 1. Ẹni tí ó bá dé 21 ló borí. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1883 ni Heyliger de Windt gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí pátákó oníhò kan tí a ń ju àpò sí. Lónìí, àwọn kan ń fi cornhole jẹun, a sì ń wò wọ́n lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ti àwọn wọ̀nyẹn kọ́ ni mo ń sọ. Èyí tí a kàn nílé ni mo ń wí.

Ọmọkùnrin mi tí ó ń gbé ní Maryland kan tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ṣe é pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá ń wọn pákó, ọmọ ń fa ìlà. Bàbá ń gé e, ọmọ ń fi sáńpépà dán an. Ìyá ń rán àpò. Èmi jókòó tì wọ́n, mo ń wòran. N kò tíì rí ohun mìíràn tí ó mú bàbá àti ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí n tó bu pátákó náà kù, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí rẹ̀: iṣẹ́ tí ó dára jù lọ tí ó ṣe, ilé ni ó ti ṣe é, kí a tó gbé e kúrò níbẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ hàn nígbà tí a gbéra lọ sí ọgbà Shenandoah ní Virginia. Pátákó méjèèjì ti gba búùtù ọkọ̀, àga tí èmi ìbá fi jókòó ni a sì fi sílẹ̀ nílé nítorí wọn. Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀ tí a fún wa dagun, gbòǹgbò àti òkúta kún un, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ bàtà 27 ti lè tẹ́jú. A fà wọ́n súnmọ́ra títí ó fi kù nǹkan bí 15. Bí ó ti ń rọ ọmọ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di yẹ̀yẹ́ lójú bàbá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a tún rántí béárì. Béárì wà lórí òkè wọ̀nyẹn, òfin ọgbà sì ni pé kí a ti oúnjẹ mọ́ inú ọkọ̀ ní òru. Oúnjẹ ni àgbàdo. Àwọn àpò náà sùn sínú ọkọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé pátákó cornhole kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ igbó, àfi kí igbó tẹ́jú bí àgbàlá ilé. Ó gbé ilẹ̀ tirẹ̀ dání wá. A fi ilé sílẹ̀ láti lọ rí ibòmíràn, a sì di ilé lẹ́rù dání lọ.

Kí n má ṣe parọ́ mọ́ ọn, ó ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì méjì ni ó ń ta á, ẹnì kejì rẹ wà lọ́hùn-ún, alátakò rẹ ni ó dúró tì ọ́. Òun ni ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀. Ìró àpò lórí pákó pe àwọn ará àgọ́ kejì wá, kò sì pẹ́ tí àjèjì fi di ojúlùmọ̀.

Àwọn ará erékùṣù Gotland ní Sweden ní tiwọn tí ó sún mọ́ igbó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kubb ni wọ́n ń pè é. Ìtí igi kéékèèké mẹ́wàá, igi gbọọrọ mẹ́fà tí a ń jù, àti ìtí ńlá kan láàárín tí wọ́n ń pè ní ọba. Ẹni tí ó bá bi ọba ṣubú kí àkókò tó tó, òun ló pàdánù. A lè gé gbogbo rẹ̀ lára igi ìdáná. Ṣùgbọ́n igi tí ń fò kiri níbi tí ọmọ kékeré ń sáré kì í ṣe eré tí ọkàn ìyá lè balẹ̀ sí.

Ní ahéré, ẹnikẹ́ni kì í ru ọpọ́n ayò lọ sí oko. Àwọn baba wa a gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò 48 nìkan ni ẹrù, inú àpò aṣọ ni ó sì ń gbé. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Shenandoah, ṣùgbọ́n òfin ọgbà kò gbà kí a gbẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a din ẹyin tán, mo rí i pé ọpọ́n ti dé. Páálí ẹyin Amẹ́ríkà, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì! Mo ka ẹ̀wà 48, mo pín in ní mẹ́rin mẹ́rin, mo sì pe ọmọ-ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí a dá páálí yìí náà lẹ́jọ́. Kò gbà ju ènìyàn méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ìrì òru kan sì ti mú un rọ̀. Síbẹ̀, ibi tí ó dára pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé tó ilé ayò, kò sí agbára apá níbẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojúkojú sì ni a jókòó. Bí ọmọ ìkẹyìn tí o fún bá sọ ilé alátakò di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé rẹ̀ gbogbo bá ṣófo, dandan ni kí o fún un lọ́mọ bí o bá ní ọ̀nà. Mo ṣàlàyé òfin yìí fún ọmọ náà pẹ̀lú ìwọ̀nba Yorùbá tí ó gbọ́. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé kí ebi má baà pa á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, mo rán an létí pé ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn. Kí a tó tú àgọ́, ọmọ náà ti mọ ilé, ó mọ odù, ó sì ti jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdájọ́ mi kò jù báyìí lọ: eré ìrìnàjò tí ó pegedé ni èyí tí a kò tíì ṣe tán nígbà tí a kúrò nílé, tí ibi tí a dé ń bá wa parí. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé náà. Mo mọ pálọ̀ tí ó ju ẹyọ kan lọ tí a fi ọpọ́n ayò gbígbẹ́ kọ́ sára ògiri, tí kò sí ẹni tí ó lè ta á nínú ilé náà. A tọ́jú igi, a gbàgbé ilẹ̀ tí a ti ń ta ayò kí a tó ní owó ọpọ́n.

Ní ọjọ́ tí a ń padà bọ̀, a da ọmọ ayò mọ́ ẹ̀wà yòókù, a ṣan gbogbo rẹ̀, a sì sè é. Inú ọkọ̀ ni ọmọ náà ti sọ pé lọ́dún tí ń bọ̀, kí a gbé àwọn àpò nìkan dání, kí a fi okùn ṣe òbìrí sílẹ̀ níbikíbi tí ilẹ̀ bá gbà, kí a máa jù wọ́n sínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó wo pátákó rẹ̀ nínú dígí, ó ní òun gbà.