Ẹni Tí Ìwé Ìtàn Kò Dárúkọ: Ọgbọ́n Kíkọ Ìtàn-Àròsọ Ayé Àtijọ́ ní Zaria

Ẹni tó ń gbé Hanwa ní Zaria, tó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn-àròsọ ayé àtijọ́, kò ní wá ohun èlò tì. Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Samaru, odi àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń pe orúkọ Amina mọ́ sì wà nínú ìlú Zaria. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Amina fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ òǹkọ̀wé tuntun lójú: obìnrin jagunjagun, ọmọ ọba Zazzau, ìyẹn Zaria àtijọ́. Èrò tèmi ni pé ọ̀dọ̀ ẹni ńlá kọ́ ló yẹ kí ọmọ-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìwé ìtàn kò dárúkọ ni kó mú ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ nípa Amina. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano fi í sí ìgbà Sarki Dauda, láàárín 1421 sí 1438. Ó ní ọba Nupe fi ìwẹ̀fà 40 àti obì 10,000 ránṣẹ́ sí i. Àwọn ìtàn mìíràn fi í sí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó lè ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tó wà láàárín méjèèjì, èyí tí òǹkọ̀wé bá sì mú ni yóò pinnu aṣọ, ohun ìjà, ìṣe ààfin àti ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Ó rọrùn láti sá fún ìpinnu yìí, kí a fi ìfẹ́ àti ọ̀tẹ̀ ààfin dí àlàfo náà. Èmi á fi gbogbo ọ̀tẹ̀ ààfin bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ obì 10,000 yẹn. Ta ló rù ú? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà? Mélòó ló ti jẹrà kí wọ́n tó dé?

Abubakar Tafawa Balewa, tó padà wá di olórí ìjọba Nàìjíríà, ti tọ ọ̀nà yìí tipẹ́. Ní 1933, Rupert East àti ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ ti ìjọba ní Zaria ṣètò ìdíje ìtàn kíkọ lédè Hausa, ibẹ̀ sì ni *Shaihu Umar* ti jáde. Ọmọdé kan tí wọ́n jí gbé ni ìtàn náà tẹ̀ lé. Wọ́n mú un dé Kano, oníṣòwò ará Íjíbítì kan mú un la aṣálẹ̀ já, ìyá rẹ̀ sì wá a lọ títí òun náà fi di ẹrú. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ Umar rí, Balewa lè fi ohun tó bá wù ú sínú ọkàn ọmọ náà. Àmọ́ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà aṣálẹ̀ tuntun, kò sì lè yí ìṣe òwò ẹrú padà. Òmìnira wà fún un nínú ọkàn ẹ̀dá-ìtàn, kò sí lójú ọ̀nà. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le gan-an nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé 1912 ni wọ́n bí Balewa, pé àwọn tí òwò ẹrú ṣojú wọn ṣì wà láyé nígbà tó ń kọ̀wé, nítorí náà kì í ṣe ayé àtijọ́ ló kọ. Òótọ́ ni wọ́n wà láyé, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi gba ìṣọ́ra: òǹkàwé tó bá mọ ọ̀nà náà lè já a nírọ́. Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gbogbo wa bá fi àwọn ẹni ńlá sílẹ̀, ta ni yóò sọ ìtàn wọn? Ṣebí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, sórí ìtàgé, tí ilẹ̀ Yorùbá sì tẹ́wọ́ gbà á? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tó ná wa. Nínú eré náà, Ìyálóde fúnra rẹ̀ ló gbé májèlé jẹ. Òpìtàn Samuel Johnson ní tirẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á ní 1874, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà ti yọ ọ́ lóyè. Ọ̀gá ni Ìṣọ̀lá, ó mọ ohun tó ń ṣe. Síbẹ̀, ikú inú eré ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ dòní. Ọ̀nà mìíràn ni Adébáyọ̀ Fálétí gbà: nínú *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin* tó jáde ní 1969, ó fa ìjà òmìnira lé àwọn ọ̀dọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá lọ́wọ́, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn ní gbèsè.

Ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, kò sì jìnnà sí Hanwa. Kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ gba ibẹ̀ lọ, kó sì fi Amina sílẹ̀ di ìwé kẹta tàbí ìkẹrin.