Orin tí Kò Tàpá sí Ohùn: I. K. Dairo àti Ẹgbẹ́ Blue Spots

Bí a bá dárúkọ I. K. Dairo láàárín àwọn tí ó mọ orin jùjú, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ: pé òun ni ó mú àkọ́díọ̀nù gbajúmọ̀ nínú jùjú, pé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fún un ní oyè MBE ní 1963, àti pé òun ni ó kọ orin Salome. Òtítọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ fún wa ìdí rẹ̀ tí orin ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1957 fi wà lẹ́nu àwọn ènìyàn títí ọ̀gá ẹgbẹ́ náà fi kú ní 1996, tàbí ìdí rẹ̀ tí àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn, tí kò tilẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà rí, fi lè gbádùn rẹ̀ bí ẹni pé nílé tirẹ̀ ni a ti kọ ọ́. Oyè kì í mú orin dùn, ohun èlò kan ṣoṣo kò sì lè gbé ẹgbẹ́ olórin ró fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ni Dairo fi ṣe òpó ilé rẹ̀, àti pé òpó yìí ni ó jẹ́ kí ó lè fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà kọrin láìdi àjèjì sí ará Ṣakí tàbí ará Ìṣẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà wá. Ọ̀fà ni a bí i sí ní 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun rẹ̀. Baba rẹ̀ jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, òun ni ó sì kan ìlù fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Àìsí owó kò jẹ́ kí ó pẹ́ ní ilé-ìwé. Ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ní 1942 ó wọ ẹgbẹ́ olórin kan, ẹgbẹ́ náà sì tú ká. Ní 1948 ó lọ sí Ẹdẹ, ó ń bá àwọn oníṣòwò aṣọ ṣiṣẹ́, ó sì ń wá àyè bá àwọn onílù ṣeré. Lẹ́yìn èyí ó dé Ìbàdàn, ó bá Ojoge Daniel ṣe orin jùjú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka àwọn ìlú wọ̀nyí sí ìtàn lásán. Ìbọ̀lọ́ ni wọ́n ń sọ ní Ọ̀fà, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń sọ nílé baba rẹ̀, ti Ẹdẹ kì í ṣe ti Ìjẹ̀ṣà, ti Ìbàdàn náà tún yàtọ̀. Kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, etí rẹ̀ ti kọ́ pé Yorùbá kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ pé ọ̀kan náà ni.

Ní 1957 ni ó kó ènìyàn mẹ́wàá jọ, ó sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Morning Star Orchestra. Nígbà òmìnira ní 1960, a pè wọ́n sí àríyá kan tí àwọn ènìyàn ńlá ilẹ̀ Yorùbá péjú sí, ibẹ̀ ni òkìkí wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kàn. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ náà gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn olórin jùjú lórí tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Wọ́n yí orúkọ wọn padà sí Blue Spots. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Decca gbé Salome jáde, àwo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí rin ìlú dé ìlú.

Ní ọdún 1962 yìí kan náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá ẹgbẹ́ Rolling Stones sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà ṣì gbé àwo tuntun jáde ní 2023, bẹ́ẹ̀ ni méjì nínú àwọn tí ó bá wọn bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀. N kò dárúkọ wọn láti fi wọ́n díwọ̀n Dairo, nítorí pé ẹ̀dá ẹgbẹ́ tiwọn àti tiwa yàtọ̀: orúkọ ọ̀gá ni ẹgbẹ́ tiwa fi ń rìn, bí ọ̀gá bá sì lọ, ẹgbẹ́ sábà máa ń tú. Nítorí èdè ni mo ṣe dárúkọ wọn. Ẹni tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin lè gbé ọ̀rọ̀ kan lọ sókè lónìí, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Olórin Yorùbá kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbé ohùn kan ṣì, ọkọ di ọkọ́, ọkọ́ di ọkọ̀. Ìyàwó tí ó ń kí ọkọ rẹ̀ nínú orin lè máa kí ohun tí a fi ń kọ ebè.

Àwọn ìjọ Ọlọ́run ni ó kọ́kọ́ jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì gbé orin ilẹ̀ wọn, wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lábẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì yí sódì lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Mọ́ríná ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953, kókó inú rẹ̀ sì ni ìbáṣepọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti orin. Nítorí náà, nígbà tí Dairo ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ lógún. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Phillips fi ìwé dáhùn ìbéèrè náà. Onígbàjámọ̀ tí kò parí ilé-ìwé fi orin dáhùn rẹ̀, níwájú àwọn tí ń jó.

Báwo ni ó ṣe ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Àwo kékeré ti ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, kò sì sí àyè fún àsọdùn. Dairo a sọ ọ̀rọ̀ kan, a jẹ́ kí orin gun ibi tí ọ̀rọ̀ gùn, kí ó sì sọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ sọ̀, elégbè a sì gbà á. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lo ọgbọ́n ilé baba rẹ̀ nínú ègbè. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ohùn méjì tàbí mẹ́ta a máa rìn pọ̀ nínú orin, ọ̀kan lórí èkejì. Ní ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni gbogbo elégbè sábà máa ń gbé. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni Dairo ń ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì alóhùn mẹ́rin, ohùn ìsàlẹ̀ lè máa sọ̀ nígbà tí ohùn òkè ń gùn, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nínú ègbè Ìjẹ̀ṣà, wọ́n jọ ń gùn ni, wọ́n sì jọ ń sọ̀. Adùn pọ̀ sí i, ìtumọ̀ kò sì sọnù. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àkọ́díọ̀nù. Ohun èlò yìí kò lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí gángan ti lè ṣe. Ibi tí a bá tẹ̀ ni yóò ké. Nítorí náà, Dairo kò sọ ọ́ di olórí ọ̀rọ̀. Ó fi ṣí ọ̀nà fún orin, ó fi kún àlàfo láàárín gbólóhùn, ó sì fi ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ fún ẹnu àti fún gángan.

Ọ̀rọ̀ gángan yìí ni ó kan Òkè-Ògùn jù lọ. Jùjú tí Túndé King kọ ní Èkó ní àwọn ọdún 1930 kò ní gángan nínú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìlù yìí àti gìtá oníná wọlé. Ìdílé dùndún ni gángan ti wá, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a sì mọ̀ mọ́ dùndún jù: ilẹ̀ tí Ìgbòho wà nínú rẹ̀, níbi tí àwọn Aláàfin ti gbé ní àkókò kan, tí Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Dairo wá kọrin Ìjẹ̀ṣà, tí onígángan sì ń lù tẹ̀lé e, ìlù Ọ̀yọ́ ni ó ń gbe ẹnu Ìjẹ̀ṣà. Báwo ni kò ṣe sí ìjà láàárín wọn?

Ẹ wò ó báyìí. Àwa ń pe ibi tí a ń gbé ní ilé. Ìjẹ̀ṣà ń pè é ní ulé. A ń jẹ iṣu. Àwọn ń jẹ uṣu. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìlù lé èjìká, kí ẹ sì lu ilé, kí ẹ lu ulé: ohùn àárín, ohùn òkè. Ẹ lu iṣu, kí ẹ lu uṣu: àárín, àárín. Ìlù kò mọ fáwẹ́lì. Ohùn ni ó mọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ń sọ Oǹkò, tí ń pe ìlú rẹ̀ ní Chaki níbi tí ìwé ti kọ Ṣakí, kò sọ ohun tí ìlù yóò fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì ni ó ń sọ àdúgbò tí a ti wá. Nínú ohùn ni a ti ń bá ara wa pàdé. Dairo di ohùn yìí mú ṣinṣin, ó sì fi fáwẹ́lì Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ bí Ìjẹ̀ṣà ti ń pè é. Ìdí nìyí tí ará Òkè-Ògùn fi lè gbọ́ ulé nínú àwo, kí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ó sì máa bá orin lọ. N kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Ohùn àwọn ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ láti ẹ̀ka-èdè sí ẹ̀ka-èdè, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí arọ́pò orúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so wá pọ̀ ju ohun tí ó yà wá lọ.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí ó kù sí pẹ̀lú. Dairo kọrin ní Ẹ̀dó, ní Urhobo, ní Ìtsẹ́kírì àti ní Háúsá. Ẹ̀mí ọ̀làwọ́ ni, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, orin Yorùbá rẹ̀ ni ó jinlẹ̀ jù létí mi, nítorí ibẹ̀ ni ó ti mọ ohùn débi pé ó lè fi ṣeré. Bákan náà, bí gbogbo olórin jùjú, ó kọ orin ìyìn fún àwọn olówó, orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sọ nǹkankan fún ẹni tí kò gbé ayé nígbà náà. Ẹ fi irú orin bẹ́ẹ̀ wé Ka Sora, orin ìkìlọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbà lẹ́yìn náà pé ó rí ogun abẹ́lé ṣáájú. Ìkìlọ̀ kì í gbó bí orúkọ olówó ti ń gbó.

Ní 1969, òun àti Haruna Ishola, ọ̀gá àpàlà, dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records, kí èrè iṣẹ́ olórin má baà máa lọ sọ́wọ́ àjèjì nìkan. Ṣùgbọ́n ayé ti ń yí. Ebenezer Obey ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, Sunny Adé sì tẹ̀ lé e ní 1967. Àwo ńlá gba ipò àwo kékeré. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sì ń fi orin kan kún ojú àwo kan láìdákẹ́. Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta kò rọrùn fún láti gba irú ayé bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, òkìkí Dairo rọlẹ̀, iṣẹ́ ìjọ Aládùúrà sì gba púpọ̀ nínú àkókò rẹ̀. Kò parí síbẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwo rẹ̀ tún jáde ní òkè òkun, ó sì kọ́ni ní yunifásítì ti Washington ní ìlú Seattle kí ó tó dolóògbé ní oṣù kejì ọdún 1996. Onígbàjámọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ti di olùkọ́ ní yunifásítì.

Ǹjẹ́ Blue Spots kú pẹ̀lú rẹ̀ bí? Green Spots ni Sunny Adé sọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní 1967, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ ẹni tí ó ń júbà. Nígbà tí àwo Sunny rin gbogbo ayé ní 1982, gángan ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, orin sì ṣì ń tẹ̀ lé ohùn. Bí a bá fẹ́ ka ọjọ́ orí ẹgbẹ́ olórin tiwa, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kà á, kì í ṣe nínú orúkọ nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ ìwé Yorùbá. Títí di òní ni a máa ń fi ọmọ Òkè-Ògùn rẹ́rìn-ín ní kíláàsì nítorí pé ó pe ṣ bíi ch, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà a sì máa fi ulé rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi délé. Ewì ẹlẹ́ka-èdè kò pọ̀ nínú ìwé wa, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a sì kọ ni kò ní àmì ohùn. Òdì kejì iṣẹ́ Dairo gan-an nìyí: a fi agbára ṣọ́ fáwẹ́lì, a sì fi ohùn ṣòfò. Yorùbá àjùmọ̀lò dára, òun ni mo fi kọ èyí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di ọ̀bẹ tí a fi ń gé ahọ́n ara wa.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe. Àwọn àwo kékeré ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà ní Ṣakí, ní Òkèhò, ní Ìgbòho àti ní Kìṣí. Bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Kí a kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ bí olórin ti pè é gan-an, kí a fi àmì ohùn sí i, kí a sì wo ibi tí orin bá ohùn mu àti ibi tí kò bá a mu. Bí mo bá ṣì lọ́nà nípa Dairo, àwọn àwo náà ni yóò já mi. Kí a sì ṣe é kí àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ inú wọn tó lọ tán.